Ta Ni Yóò Máa Tún Un Ṣe?

Ní ìgbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Káfíńtà. Bí a bá ti gba ìsinmi, tí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ sì dá páropáro, ìgbà náà ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. A ó padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, a ó sì bá àwọn àga àti tábìlì tí a ti fi eré àti ìjà fọ́ ní ìdúró ṣinṣin, kò sì sí ẹni tó ń béèrè bí wọ́n ti ṣe rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn tó fi owó kọ́ gbọ̀ngàn wà lára ògiri títí di òní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí Bàbá Káfíńtà ń jẹ́ gan-an, a ti bi àwọn mẹ́jọ léèrè nínú àwọn tí a jọ jáde, láti ìgbà tí a ti ń múra àròkọ yìí. Ẹnì kan ṣoṣo kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ àga kọ́ ni a fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ áàpù ni, àwọn irinṣẹ́ kéékèèké inú fóònù àti kọ̀ǹpútà tí a ń lò láti òwúrọ̀ di alẹ́, àti ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń dá jókòó nínú ilé wọn láti máa tọ́jú wọn. Ẹ lè bi wá pé kí ló kan àlùfáà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nínú èyí. Ẹ ní sùúrù fún wa. Ó kàn wá, ó sì kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ yìí ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá bí Apple àti Google ló ń ṣe gbogbo ohun tó wà nínú fóònù wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n ni ọjà. Àwọn tí ń pàtẹ sínú ọjà náà pọ̀ lọ súà, ẹnì kan ṣoṣo tàbí ọ̀rẹ́ méjì sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wo James Thomson, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Ní ọdún 1992 ó gbé áàpù ìṣirò kan jáde fún kọ̀ǹpútà Mac, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní PCalc. Ìṣirò lásán ni: ẹ tẹ nọ́ńbà, ẹ rí ìdáhùn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ọkùnrin náà ṣì ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ti gbé e dé orí fóònù àti orí aago ọwọ́ pàápàá.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò béèrè pé kí ló kù láti ṣe lára ẹ̀rọ ìṣirò fún ọgbọ̀n ọdún. Ṣé èjì àti èjì kì í ṣe ẹ̀rin mọ́ ni? Ìbéèrè náà dára, nítorí inú ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Èjì àti èjì kò yí padà. Ilẹ̀ tí áàpù náà dúró lé ni ó ń yí padà. Ní 1994 Apple pààrọ̀ ọpọlọ tí ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà Mac. Ní 2001 wọ́n gbé ètò tuntun pátápátá, Mac OS X, wá rọ́pò ti àtijọ́. Ní 2006 wọ́n tún pààrọ̀ ọpọlọ náà sí ti Intel. Ní 2020 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí àwọn fúnra wọn ṣe. Lẹ́yìn irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, wọn a máa fún àwọn áàpù àtijọ́ ní àyè ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí iOS 11 jáde ní 2017, àwọn áàpù fóònù tí a kọ ní ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 32-bit kò ṣí mọ́. Nígbà tí macOS Catalina jáde ní 2019, ó kan ti Mac náà. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n, kòkòrò kò jẹ wọ́n. Wọ́n dúró sí ojú kan ni, ilẹ̀ sì ṣí lọ lábẹ́ wọn.

Thomson pàápàá fara gbá nínú rẹ̀. Ó ní áàpù mìíràn, DragThing, tó ti wà láti 1995. Ìyípadà ti 2019 yẹn ni ó fi òpin sí i, nítorí pé kí ó tó lè yè, a ní láti tún un kọ láti ìpìlẹ̀. Ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ọjà tún lè yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tó bá wù ú. Ní 2014, Apple gba PCalc láyè láti ṣe ìṣirò nínú ojú ìwífún kékeré kan lórí iPhone, wọ́n tún ní kí ó yọ ọ́, àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n sì tún gbà á padà. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń rò síwá sẹ́yìn báyìí, owó oúnjẹ ẹnì kan ló ń mì.

Ọ̀ràn ti Brent Simmons, ará Amẹ́ríkà, tún yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2002 ó bẹ̀rẹ̀ NetNewsWire, áàpù Mac tí ń kó àwọn ìròyìn tuntun láti oríṣiríṣi ibi jọ sí ojú kan. Ó tà á fún ilé-iṣẹ́ kan ní 2005. Ní 2011 wọ́n tún tà á fún òmíràn. Ní 2018 ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó bí i, ní 2019 ó sì gbé e jáde ní ọ̀tun, lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi kóòdù rẹ̀ sí gbangba kí ẹnikẹ́ni lè kà á kí ó sì ràn án lọ́wọ́. Bí a ti rí i, ohun tí owó rà lẹ́ẹ̀mejì padà wá simi lé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò san owó ilé. Láti ìgbà tí ọjà áàpù ti iPhone ti ṣí ní 2008 ni ọ̀pọ̀ áàpù ti ń lọ ní sẹ́ǹtì 99, owó ẹ̀ẹ̀kan. Nínú rẹ̀ Apple mú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé nǹkan bí sẹ́ǹtì 70 ló dé ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Láti 2021 wọ́n ti dín in kù sí ìdá 15 fún àwọn tí owó wọn kò tó mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, bí wọ́n bá béèrè fún un. Síbẹ̀, ẹni tó san sẹ́ǹtì 99 ní ọdún kìíní yóò fẹ́ kí áàpù náà ṣí ní ọdún kẹwàá, lórí fóònù tí a kò tíì dá nígbà tó rà á, bí kò bá sì ṣí, yóò kọ̀wé èébú.

A mọ ohun tí a ń sọ. Ní àjọ̀dún tó kọjá, ẹgbẹ́ wa ní kí a ṣe áàpù kan tí a ó fi máa rí àdírẹ́sì ara wa, tí a ó fi máa san owó ẹgbẹ́, tí àwọn òbí yóò sì fi máa rí ìkéde ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jáde ni a gbé iṣẹ́ náà fún. A fún un ní owó díẹ̀, a fi àdúrà kún un. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, ariwo ayọ̀ sọ nínú gbọ̀ngàn; a gé àkàrà òyìnbó tí a ṣe ní àwòrán fóònù; àwa gan-an ni a dìde tí a gbàdúrà ìyàsímímọ́ lé e lórí. Kò pé ọdún mẹ́ta, áàpù náà kò sí lórí ọjà mọ́. Àwọn tó ra fóònù tuntun wá a tì. Ní ìpàdé, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ náà láìdáa: pé ó jẹ owó ẹgbẹ́, pé àwọn ọmọ ìwòyí kò ní ìfaradà. A wà níbẹ̀. A kò sọ tó bí wọ́n ti sọ, ṣùgbọ́n a mi orí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, a yà kí ìyá rẹ̀ nílé. Ní ẹnu ọ̀nà ni ó ti sọ fún wa pé, "Ẹ bá mi fi ọmọ yìí sínú àdúrà, Bàbá, kí ó rí iṣẹ́." A wọlé, a bá ọmọ náà nídìí tábìlì, ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní áàpù mẹ́ta tirẹ̀, méjì ti fóònù, ọ̀kan ti Mac, tí àwọn ènìyàn ní ìlú òkèèrè ń sanwó fún. Òun nìkan ló kọ wọ́n, òun nìkan ló ń dáhùn lẹ́tà. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ó ń wá ọ̀nà láti mú kí lẹ́tà ojú rẹ̀ tóbi sí i fún àgbàlagbà kan tí ojú ń dùn. Ìyá rẹ̀ kò purọ́ fún wa o. Kò kàn mọ̀ pé ohun tí òun ń rí lójoojúmọ́ ni iṣẹ́.

A bi í nípa áàpù ẹgbẹ́ ní pẹ̀lẹ́tù. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ó sì yí kọ̀ǹpútà sí wa. Ọdún méjì ni ó ti fi owó ara rẹ̀ san dọ́là 99 tí Apple ń gbà lọ́dọọdún kí áàpù lè wà lórí ọjà wọn. Google ní tiwọn kì í gbà ju dọ́là 25 lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ kí a máa tún áàpù ṣe bá ìlànà Android tuntun mu. Èyí tí a kò bá tún ṣe, wọn a fi í pamọ́ fún àwọn tó ní fóònù tuntun. Àtúnṣe mẹ́rìnlá ni ó ti ṣe lẹ́yìn ọjọ́ àkàrà yẹn. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì; ẹnikẹ́ni kò fèsì. Nígbà tó di ọdún kẹta, dọ́là ti gòkè lọ, ó sì ní láti yan láàárín dọ́là 99 yẹn àti owó ilé. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìyẹn gan-an ló dùn wá jù.

A padà sílé, a ṣí kọ̀ǹpútà tiwa. Ọdún kẹsàn-án nìyí tí a ti ń fi áàpù kékeré kan kọ ìwàásù. Ẹnì kan ló ń ṣe é. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lè fi ohunkóhun ran òun lọ́wọ́. A kò fún un ní kọ́bọ̀ rí. Ní alẹ́ Àbámẹ́ta kan, lẹ́yìn tí a ti gba àtúnṣe sórí kọ̀ǹpútà, áàpù náà kọ̀ kò ṣí, a sì kọ lẹ́tà gbígbóná sí ọkùnrin náà, irú èyí tí kò yẹ ẹni tó ń wọ aṣọ àlùfáà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tọrọ gáfárà, ó sì ti tún un ṣe. Inú rẹ̀ ni a ti wàásù ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. A kò rántí dúpẹ́. Àní àmì ohùn tí ẹ ń rí lórí àwọn ọ̀rọ̀ ojú ìwé yìí, bí kì í bá ṣe irú àwọn ènìyàn báwọ̀nyí, báwo ni a ò bá ṣe máa tẹ̀ wọ́n? Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName.com gbé irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ̀ wọ́n jáde fún Mac àti Windows, wọn kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó bá ra ọkọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kì í san owó ọkọ́ náà lọ́dọọdún, kí ló dé tí áàpù fi ń gba owó ọdọọdún? Àríyànjiyàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó ọdọọdún tí wọn kò ṣe ohunkóhun sí i; a kò gbèjà wọn, kí ẹ má san án. Ṣùgbọ́n oko tí a fi ọkọ́ ro lọ́dún tó kọjá ni a ó fi ro lọ́dún yìí. Bí ó bá ṣe pé ilẹ̀ oko ń di omi ní ọdún kan, tó ń di àpáta ní ọdún kejì, alágbẹ̀dẹ náà ìbá máa tẹ̀lé wa lọ sóko, a ò bá sì máa fún un ní oúnjẹ.

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ti tún mú àbá wá ní ọdún yìí pé kí a ṣe áàpù tuntun, èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. A kò fara mọ́ ọn. Èyí tí ọmọ wa ṣe wà níbẹ̀, kóòdù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àtúnṣe díẹ̀ ni yóò jí i. Kí a san dọ́là 198 tó jẹ gbèsè rẹ̀ padà fún un ná, kí ó tó di pé a béèrè ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, kí a ya iye kan sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún títọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún, bí a ti ń ya owó sọ́tọ̀ fún gígé koríko pápá, kí a sì kọ orúkọ ẹnì kan tí yóò máa fèsì lẹ́tà rẹ̀. Bí a kò bá lè ṣe èyí, kí a máa lo ìwé àkọsílẹ̀ àti WhatsApp tí a ń lò bọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fúnra wa ní ìpàdé tí ń bọ̀. Bí wọ́n bá tún ní kí a wá gbàdúrà ìyàsímímọ́, a ó kọ́kọ́ béèrè ìwé ìṣúná ọdún kejì. Ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ orúkọ Bàbá Káfíńtà nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́.