Apá Bàálù Tí Wọ́n Mọ̀ọ́mọ̀ Ṣẹ́

Bí bàálù bá wọ inú ìjì, tí apá rẹ̀ ń fì sókè sódò, jìnnìjìnnì a máa bo èrò. Ṣùgbọ́n fífì náà kì í ba awakọ̀ lẹ́rù. Ó mọ̀ pé apá tí kò lè tẹ̀ ni yóò kán. Ó sì mọ̀ pé òfin béèrè pé kí apá irú bàálù bẹ́ẹ̀ lè gbé ẹrù tó wúwo jùlọ tí a retí pé yóò bá pàdé lójú òfurufú, àti ìdajì rẹ̀ lé e, fún ìṣẹ́jú àáyá 3 láìkán.

Ní 1995, apá Boeing 777 gbé ìdá 154 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó tó kán. Ní 2006, ní Toulouse, ti Airbus A380 kán nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ìdá 150. Kí ni díẹ̀ yẹn já mọ́? Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ẹni tó gba 49 níbi tí a ti ń béèrè 50 kò tíì yege. A yìn wọ́n pé wọ́n fún apá náà lókun sí i kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ.

Àlékún yẹn kì í ṣe ti awakọ̀ láti fi ṣeré. Nítorí náà ni ọ̀gá awakọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe ń dẹ eré nínú ìjì, tí ó sì ń yà fún àwọsánmà tó ṣú dùdù, bí èrò tilẹ̀ ń kùn pé ilẹ̀ ti ń ṣú.