Ẹgbẹ̀rún Ọdún Kọ́ Ni Wọn Yóò Bi Wá Léèrè

Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi, kó kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ mi tán ná, kó wá bínú dáadáa.

Àríyànjiyàn kan wà tó ń gba oorun lójú àwọn ọmọ fẹ́lóṣíìpù wa ju ìdánwò lọ. Ṣé ṣáájú ẹgbẹ̀rún ọdún ni Jésù máa padà wá, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Òkú wo ló máa kọ́kọ́ jíǹde? Iná ọ̀run àpáàdì ńkọ́, ṣé yóò máa jó láéláé ni, àbí yóò jó ẹlẹ́ṣẹ̀ di eérú kó sì kú? N ò sọ pé ká má jiyàn o. Ohun tí mò ń bá wí ni pé a ti sọ iyàn náà di ibi tí à ń sá pamọ́ sí. Àlàyé ìdájọ́ la fi ń sá fún ìdájọ́.

Kò yà mí lẹ́nu pé Ẹdẹ ni iyàn yìí ti gbóná. Ìlú kan ṣoṣo yìí ni yunifásítì ìjọ méjì wà, àwọn ìjọ náà kò sì gbà fún ara wọn. Adeleke University, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, jẹ́ ti àwọn Adventist tó ń pa ọjọ́ Sátidé mọ́. Lójú tiwọn, òkú sùn ni, kò mọ ohunkóhun. Bí Jésù bá dé, àwọn olódodo yóò jí, wọn yóò bá a lọ lo ẹgbẹ̀rún ọdún ní ọ̀run, ilé ayé yóò sì dahoro fún Sátánì. Lẹ́yìn ìyẹn ni iná yóò jó ẹni búburú ráúráú, tí kò ní ṣẹ́ku. Redeemer's University, tí ìjọ Ìràpadà dá sílẹ̀ ní 2005 tó wá kó wá sí Ẹdẹ, ti ilé Pẹ́ńtíkọ́sì wá. Ní tiwọn, ìgbàsókè ló ń bọ̀, lẹ́yìn náà Jésù yóò jọba lórí ilẹ̀ ayé níbí fún ẹgbẹ̀rún ọdún, ọ̀run àpáàdì kò sì ní òpin. Ẹ tún bi àwọn Kátólíìkì àti ọ̀pọ̀ Áńgílíkà, wọ́n á ní àpèjúwe lásán ni iye yẹn, pé àsìkò ìjọ tí a wà nínú rẹ̀ yìí ni. Augustine ti Hippo, ará Áfíríkà bíi tiwa, ló fìdí ìyẹn múlẹ̀ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Àwọn Mùsùlùmí ìlú yìí náà, láti ayé Tìmì Habibu Lagunju, ń retí Ọjọ́ Ìdájọ́ àti ìpadàbọ̀ Ànábì Ìsá.

Ta ló wá jàre nínú wọn? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń jà lé lórí ná. Nínú gbogbo Bíbélì, orí kan ṣoṣo ni ìjọba ẹgbẹ̀rún ọdún yìí ti jáde bẹ́ẹ̀: Ìfihàn orí 20, láti ẹsẹ 2 dé 7. Ẹsẹ mẹ́fà péré. Ti ibi tí òkú wà náà, ọ̀rọ̀ ọ̀daràn orí àgbélébùú nínú Lúùkù 23 lè dá lórí kọ́mà kan ṣoṣo. Bí kọ́mà bá ṣáájú “lónìí”, ọ̀daràn náà dé Párádísè lọ́jọ́ náà; bó bá tẹ̀ lé “lónìí”, ìlérí lásán ni wọ́n ṣe fún un lọ́jọ́ náà. Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ọ́ kò sì ní kọ́mà! Àwa Yorùbá gan-an kò tíì mọ èyí tí a ó mú. Níbi ìsìnkú kan náà, a ó sọ fún òkú pé “sùn un re o”, kò ní pẹ́ tí a ó tún fi sọ pé “má sùn o, máa ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ”.

Ohun tí kò yẹ ká jiyàn lé wà nínú orí 20 kan náà, ní ẹsẹ 12: wọ́n ṣí ìwé, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òkú dá wọn lẹ́jọ́. Adventist gbà á, Pẹ́ńtíkọ́sì gbà á, Kátólíìkì gbà á. Ibi tí gbogbo wọn ti fẹnu kò yìí gan-an ni a kì í dúró lé ní fẹ́lóṣíìpù.

Mo sọ pé a fi ń sá pamọ́. Ní sáà tó kọjá, ọmọkùnrin kan dùbúlẹ̀ àìsàn ibà nílé tí mò ń gbé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ní yàrá kejì, àwọn arákùnrin méjì ń jiyàn nípa àjíǹde àkọ́kọ́ àti ìkejì lójoojúmọ́, a ń gbọ́ ohùn wọn láti ẹnu géètì. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn aláìsàn nínú wọn. Ìyá alákàrà tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà, Mùsùlùmí ni, ló gbé ògì gbígbóná wá. Ẹ wá ka Mátíù 25, kí ẹ sọ fún mi ta ló yege. Ebi, òùngbẹ, àlejò, ìhòòhò, àìsàn, ẹ̀wọ̀n: ìbéèrè tó wà níbẹ̀ nìyẹn. N ò rí ẹgbẹ̀rún ọdún nínú wọn.

Ewu kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Níbi tí iyàn bá ti gbóná jù ni ẹni tó máa dá ọjọ́ ti ń yọjú. Ní 2022, ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde ní ilé ìjọ Whole Bible Believers ní ìlú Oǹdó, ọmọdé 26 wà nínú wọn. Ọlọ́pàá ní wọ́n ti sọ fún wọn pé ìgbàsókè máa wáyé ní oṣù kẹrin, wọ́n tún sún un sí oṣù kẹsàn-án. Oṣù kẹsàn-án dé, ó lọ. Ọdún yẹn kan náà, ìròyìn jáde nípa oníwàásù kan ní Òmùò-Èkìtì tó ní kí ọmọ ìjọ san ₦310,000 lórí kí wọ́n lè gba ẹnu ọ̀nà ọ̀run kọjá. Ẹ rò ó wò: owó ilé ìwé ọmọ mélòó nìyẹn? Ní Kenya, ní 2023, wọ́n hú òkú tó lé ní 400 nínú igbó Shakahola, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n febi pa ara wọn kí wọ́n lè rí Jésù. Harold Camping ní Amẹ́ríkà dá ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 2011, ó yẹ̀. Ó sún un sí oṣù kẹwàá, ó tún yẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà lára àwọn Adventist níbí. Inú àwọn tó fọkàn sí ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 1844, tí ojú tì nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ni ìjọ wọn ti jáde. Wọn kò dá ọjọ́ mọ́. Wọ́n ń retí òpin ayé, síbẹ̀ wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sí Ilé-Ifẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí Ẹdẹ. Ìjọ Ìràpadà ń wàásù ìgbàsókè, wọ́n sì ń to búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó ń retí ọ̀gá rẹ̀ kì í ju ọkọ́ sílẹ̀. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ fún àwọn ará Tẹsalóníkà tí wọ́n fi òpin ayé ṣe àwáwí ọ̀lẹ: ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, kó má jẹun. Ìwọ tí o ní o ò kàwé torí Jésù ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà bá ọ wí.

Ẹnì kan á ní, “Bí kò bá ṣe pàtàkì, kí ló dé tí Ọlọ́run fi sí inú Bíbélì?” Ìbéèrè gidi ni. Ó ṣe pàtàkì! Àwọn tí wọ́n bẹ́ lórí nítorí ìgbàgbọ́ ni orí 20 ń tù nínú. Ó ń sọ fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ pé alágbára kọ́ ló máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹni tó bá wá sọ ìtùnú yẹn di àlọ́ àpamọ̀ tí a fi ń mọ ẹni tó gbọ́n jù, oúnjẹ opó ló gbà jẹ. Ẹlòmíràn á ní, “Oore-ọ̀fẹ́ là ń fi là, kì í ṣe iṣẹ́.” Mo gbọ́. Pọ́ọ̀lù tó kọ́ wa ní oore-ọ̀fẹ́ náà ló sọ nínú Kọ́ríńtì Kejì 5 pé gbogbo wa la máa dúró níwájú ìtẹ́ ìdájọ́ Kristi, nítorí ohun tí a fi ara wa ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ yàtọ̀. Akápò tí kò tíì ṣírò owó ẹgbẹ́ láti ọdún tó kọjá, kó wá ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń san owó fún máàkì, kó jáwọ́. Ẹni tó mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, kó dárúkọ rẹ̀, ká dìde lọ. Bí àkókò bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú Ìfihàn 20 jáde, èmi náà máa bá yín jiyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́.