Olùṣe Tí A Kò Dárúkọ, "Bí" Tí A Kò Sọ

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìhun kan wà tó pa ohun méjì pọ̀. Èkíní ni passive, níbi tí ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan fún tàbí ṣe nǹkan sí ti ń gba ipò olùwà, tí ẹni tó ṣe é gan-an sì lè má yọjú rárá. Èkejì ni gbólóhùn kání, èyí tó ń sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní nǹkan kan rí báyìí tàbí báyẹn. Bí wọ́n ṣe ń hun ún kò le: would, could, should tàbí might ló ń ṣíwájú, be á tẹ̀ lé e, ìrísí kẹta ọ̀rọ̀-ìṣe á sì kẹ́yìn, bíi would be paid. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ohun tó ti kọjá, have been ni yóò gba ipò be: would have been paid.

Odindi gbólóhùn ni ìwé gírámà ilé ẹ̀kọ́ máa ń fi kọ́ ọ: If the ambulance had come early, the boy would have been saved. Ká ní ọkọ̀ aláìsàn tètè dé ni, wọn ì bá rí ọmọ náà gbà là. Àmọ́ ṣàṣà ni gbólóhùn tó ń pé báyìí lẹ́nu àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sábà ń sọ. Wọn kì í dárúkọ ẹni tí yóò ṣe é, wọn kì í sì í sọ "bí" tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Inú ohun méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí ni ìtumọ̀ wà. Ibẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀, dípò kó kàn pàṣẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó yẹra fún passive.

Ìwé ilé iṣẹ́ ni ibi tí ìhun yìí ti wọ́pọ̀ jù. Your early reply would be appreciated, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ṣe ń parí. Ní ọ́fíìsì Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ́pọ̀ láti rí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lókè ibi ìfọwọ́: It would be appreciated if cups were washed after use. Ta ni yóò mọrírì rẹ̀? Ìwé náà kò sọ. Ta ni yóò fọ ife? Kò sọ ìyẹn náà, nítorí pé passive ni were washed pẹ̀lú. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń mu tíì níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó kọ ọ́ ti fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nínú ọ̀rọ̀, ó sì ti yọ ẹni tó fi ife sílẹ̀ láìfọ̀ kúrò nínú ìtìjú. Láàárín ẹlẹgbẹ́, ìwà ọmọlúàbí ni. Bó bá jẹ́ ọ̀gá ló kọ ọ́, àṣẹ ni, bó ti wù kó rọ̀ tó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù láti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ lè kà á bí ohun tó wù ú láti ṣe tàbí kó má ṣe, kó sì wá yà á lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá bínú sí i.

Kì í ṣe gbogbo would be ló ní "bí" nínú, ó sì yẹ kí wọ́n tètè ya èyí sọ́tọ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn bá kọ pé The minister said salaries would be paid on Friday, will ni mínísítà fẹnu ara rẹ̀ sọ. Àgbàsọ ló sọ ọ́ di would. Àwọn tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé náà ń lò ó fún ohun tó wà níwájú nígbà tí ìtàn dé, bí ẹni tó ń kọ nípa ìgbà ọmọdé Nelson Mandela, tí wọ́n bí ní 1918, ṣe lè kọ ọ́ pé he would be sentenced to life in 1964 and would be released in 1990. Ohun tó ṣẹlẹ̀ dájúdájú ni méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù ni could have been àti should have been. Láàárín àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó lé ní 30,000 ènìyàn ní Britain tó kó kòkòrò HIV tàbí àrùn mẹ́dọ̀wú láti inú ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, èyí tí ilé ìwòsàn ìjọba fún wọn. Nǹkan bí 3,000 ló ti kú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Sir Brian Langstaff, tó darí ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àjálù náà ni wọ́n lè ti dènà. Lẹ́yìn náà, ó fi kún un ní gbólóhùn ọ̀tọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ti dènà rẹ̀. Could ló fi sọ ti àkọ́kọ́, ó fi should sọ èkejì, méjèèjì sì jẹ́ passive. Could ń sọ pé ọ̀nà wà. Should ń sọ pé ojúṣe ni. Ẹni tó bá dúró lórí could nìkan kò tíì bá ẹnikẹ́ni wí. Àbọ̀ ìwádìí náà kò sì fi olùṣe sílẹ̀ sínú òkùnkùn: àwọn ìjọba tó jẹ tẹ̀ léra wọn, ilé iṣẹ́ ìlera NHS àti àwọn dókítà, ó sọ ibi tí ẹ̀bi kálukú wà. Nítorí pé ìdáhùn sí "ta ni?" wà nínú ìwé kan náà, passive yẹn kò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí.

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá dìde níwájú àwọn tí ọ̀rọ̀ dùn, tó ní it could have been handled better, tó sì jókòó, ìhun kan náà ló lò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti yí padà pátápátá. Ta ni ì bá ti bójú tó o dáadáa? Bí wọ́n bá ti ṣe kí ni? Ẹni tó yẹ kó dáhùn ìbéèrè méjèèjì ni kò dáhùn. Ohun tó burú nìyẹn, gírámà kọ́ ló fà á.

Lẹ́nu ẹni tí ẹ̀rù bà, ìhun yìí kò ní ẹ̀tàn kankan nínú. Ẹni tí mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù yóò pariwo pé I could've been killed! Ewu tí ara rẹ̀ yọ nínú rẹ̀ ló gbà á lọ́kàn. Awakọ̀ wà lójú gbogbo ayé, kò nílò pé kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀ náà, get máa ń gba ipò be, bíi you'd get sacked for that, "wọ́n á lé ọ níṣẹ́."

Àwọn tó ní kí wọ́n pa passive tì kò ṣàì ní ẹni tí wọ́n fẹ̀yìn tì. William Strunk kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1918 pé kí òǹkọ̀wé máa lo active. George Orwell náà fi í ṣe òfin nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí òṣèlú àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1946, bẹ́ẹ̀ passive pọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yẹn fúnra rẹ̀. Kò sì lè ṣe kó má pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ I would have been told di active yóò ní láti wá ẹnì kan fi ṣe olùwà, ẹni tí ó lè má mọ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan kíláàsì ní ilẹ̀ Yorùbá ní tààrà. Nítorí pé "wọ́n" ni Yorùbá fi ń ṣe iṣẹ́ passive, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ They would have saved the boy, ẹni tó ń kà á á sì máa wá àwọn tí they ń tọ́ka sí. Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ ni would have being. Been ló ń tẹ̀ lé have. Lẹ́yìn is, was àti àwọn ẹbí wọn ni being ń jókòó sí, bíi the road is being repaired. Olùkọ́ tó bá ti tún èyí ṣe lè wá kọ gbólóhùn mẹ́wàá láti inú ìwé ìròyìn sójú pátákó, kó sì ní kí àwọn ọmọ fi by ẹnì kan àti if nǹkan kan kún ìkọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọn kò bá ti rí nǹkan fi kún un, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀: bóyá gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, bóyá kò ṣe pàtàkì, tàbí bóyá ẹnì kan kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.