Máàkì JAMB nìkan kọ́ ló ń sọni di ẹnjiníà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Èsì JAMB ẹ̀ ti jáde, máàkì ẹ̀ sì dáa gan-an. Mechanical Engineering ló mú ní FUTA. Bàbá wa ti ń pè é ní "Ẹnjiníà" káàkiri àdúgbò. Àmọ́ ohùn òun fúnra ẹ̀ ò jọ ti ẹni tínú ẹ̀ ń dùn. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé mo máa lè ṣe é?"

Mo ní ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bi ara ẹ̀. Èyí tó yẹ ni pé: ṣé mo fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́?

Orúkọ lọ̀pọ̀ wa ń wò. Òótọ́ ni, FUTA lórúkọ, àtọdún 1981 ló ti wà l'Ákùúrẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ lèèyàn máa jí bá láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìṣirò ni, físíìsì ni, drawing ni, thermodynamics ni, fún ọdún 5 gbáko, bí ASUU ò bá yanṣẹ́ lódì.

Èmi náà ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, nílé ẹ̀kọ́ mìíràn. Mi ò kì í ṣe olódo o. Èmi ni mo máa ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n máàkì ni mo fẹ́ràn, kì í ṣe ìṣirò. Nígbà tí mo dé 200 level tí máàkì ò wá mọ́, mi ò rí nǹkan mìíràn dì mú. Ọdún 7 ni mo fi ṣe kọ́ọ̀sì ọdún 5. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá náà ní carryover, àmọ́ tí fáànù wa bá kọṣẹ́, kò ní sùn títí á fi tú u wò. Inú òun ń dùn níbi témi ti ń ka ọjọ́.

Àwọn kan á ní kéèyàn ṣáà fara dà á. Ìfaradà dáa, àmọ́ ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.

Ohun tí mo ní kó ṣe rèé. Kó wá ìwé ìṣirò 100 level, kó jókòó ti ìbéèrè kan tó le fún wákàtí 2. Kò dìgbà tó bá yanjú ẹ̀. Ṣé ó máa wù ú kó padà sídìí ẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Kó bá ọmọ 300 level sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ti jáde, torí ẹni tó bímọ tán máa ń gbàgbé ìrora ìrọbí. Kó bi í bóyá ẹ̀rọ inú láàbù ń ṣiṣẹ́, àti iye ọmọ tó ń pín ẹyọ kan lò.

Bó bá wù ú, kó lọ. Bí kò bá wù ú, JAMB gbà kéèyàn pààrọ̀ kọ́ọ̀sì. Ìtìjú ìsinsìnyí ò tó ti ọdún keje.

Ní ti bàbá wa, kí wọ́n ṣe sùúrù ná. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, ẹni tó gboyè tán gan-an ò tíì lè pera ẹ̀ ní ẹnjiníà, àfi tí COREN bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà náà jìn. Ẹni tó máa rìn ín ló yẹ kó yàn án.