Ìjà ẹbí ló ṣílẹ̀kùn Èkó fún Òyìnbó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tìtorí Akitoye àti Kosoko bú ara yín látàárọ̀, ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Alaba Rago ni mo wà báyìí, mò ń dúró de ẹni tó ń bá mi tún fóònù ṣe. Títì Badagry ló wà lọ́ọ̀ọ́kán yìí. Badagry yẹn náà ni Akitoye sá lọ nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí Kosoko lé e kúrò lórí oyè ní 1845.

Ta ni Kosoko sí i? Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o! Ologun Kutere ló bí Osinlokun, òun náà ló bí Akitoye. Osinlokun ló wá bí Kosoko.

Nígbà tí Oluwole kú ní 1841, Kosoko gbà pé òun ló kàn. Àmọ́ Eletu Odibo, ìjòyè tó ń fọba jẹ, ti ní i sínú tipẹ́. Kí ló fà á? Kosoko gba ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Bí oyè ṣe bọ́ sọ́wọ́ Akitoye nìyẹn.

Akitoye tún wá ní kí Kosoko padà wálé láti Ouidah. Eletu kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Akitoye bá ké sí Òyìnbó, ó ṣèlérí pé òun á fòpin sí òwò ẹrú. December 1851, àgbá dún l'Ékòó, Kosoko sá lọ Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó fi máa di August 6, 1861, Dosunmu ọmọ Akitoye ti fọwọ́ síwèé, Èkó di ti ọbabìnrin.

Mi ò sọ pé Òyìnbó ò bá má wá. Òwò ni wọ́n ń wá, wọ́n á wá náà ni. Àmọ́ ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹni rere àti ẹni burúkú ni. Ìlú tí ìbínú ìjòyè kan lè yí ẹni tí oyè kàn padà, ọ̀tá ò ní pẹ́ ríbi wọlé.

Kò sì yé mi bá a ṣe ń pariwo "ìdílé tó kàn, ìdílé tó kàn" bíi pé ó ti tán síbẹ̀. Ní Zaria, níbi tí àwọn abọkí kan ti wá sọ́jà yìí, ìdílé mẹ́rin ló ń jọba. Oyè kúrò nílé Mallawa ní 1920, ó di 2020 kó tó padà síbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko! Ọ̀yọ́ ńkọ́? Aláàfin wàjà ní April 2022, January 2025 la tó gbọ́ orúkọ òmíràn.

Tèmi ni pé kí àwọn afọbajẹ máa dìbò ní gbangba, kí kálukú sọ ìdí tó fi mú ẹni tó mú. Ẹni tó bá ní inú sí ọmọ oyè kan, kó yẹra.

Ẹ máa bú mi lọ nísàlẹ̀, fóònù mi ti dé.