Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Nígbà tí ọjà Àpòmù gbóná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti Ìjẹ̀bú ló ń ná an, oníkálukú sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá rántí èyí yóò mọ̀ pé òwe tó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà kò ní ká dí ọ̀nà àtijọ́ torí pé tuntun ti là. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lọ́wọ́ yìí gan-an nìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún; Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́. Àwọn kan ní ká da ẹ̀rọ náà nù, àwọn mìíràn ní ká nu Windows kúrò pátápátá, ká fi Linux rọ́pò rẹ̀. N ò fara mọ́ èyíkéyìí.

Ẹ wo ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí Wásinmi, tó ń fi CorelDRAW ya ìwé ìpè ìnáwó. Kò lè fi Windows sílẹ̀: Corel gbé CorelDRAW kan jáde fún Linux ní 2000, ṣùgbọ́n wọn ò bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kó máa gbé Windows tí ìtọ́jú ti tán lórí rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó dín àyè Windows kù lórí díìsìkì, kó fi Ubuntu, irú Linux kan, sí èyí tó ṣẹ́ kù. Bó bá ti tan ẹ̀rọ, ètò ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GRUB yóò to méjèèjì síwájú rẹ̀ kó yan ọ̀kan: Ubuntu fún ìmeèlì àti ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé, Windows fún àwòrán.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé kò sàn ká ṣí ọ̀kan sínú èkejì? Ó sàn lórí ẹ̀rọ tó lágbára. Èyí tó ní RAM 4GB kò lè gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á tún ní pípín díìsìkì léwu. Òótọ́ ni, pàápàá bí Nẹ́pà bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́ tí bátìrì ò sì dára. Nítorí náà, kí fáìlì kọ́kọ́ wà níbòmíràn. Kí oníṣọ́ọ̀bù náà sì pa Fast Startup inú Windows, torí bó bá wà níbẹ̀, Windows kì í kú tán, Ubuntu kò sì ní lè kọ nǹkan sínú fáìlì rẹ̀ láìséwu. Ọ̀nà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọjà kan náà ni wọ́n ń wọ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ dí ara wọn. Aago pàápàá fi í hàn: Windows ka aago inú ẹ̀rọ sí ti Nàìjíríà, Ubuntu kà á sí ti àgbáyé, wákàtí kan sì ni ìyàtọ̀ wọn, àfi bí a bá pàṣẹ fún Ubuntu kó tẹ̀ lé ti Windows.