Ẹni tó ní ká máa fi májèlé pa àwòdì, ṣé ó ti kà wọ́n rí?

 

Mo rí ìmọ̀ràn kan tí wọ́n ń pín kiri láàárín àwa tó ń sin adìyẹ. Wọ́n ní ká fi májèlé sínú òkú òròmọdìyẹ, ká jù ú síta fún àwòdì, pé ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìmọ̀ràn burúkú ni, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Mi ò ní parọ́, àwòdì ń gbé òròmọdìyẹ. Ó ti gbé tèmi náà rí, mo sì ṣépè fún un títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n ní abúlé wa, ẹnì kan ṣe ohun tí wọ́n ní ká ṣe yìí ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ajá ọdẹ méjì ló kọ́kọ́ kú. Ológbò ìyá arúgbó kan tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, a bá òkú àwòdì nínú odò tí a ti ń pọnmi. Ẹni tó de májèlé yẹn ò lè fọkàn balẹ̀ jẹ adìyẹ tirẹ̀ mọ́. Májèlé ò mọ ojú ẹni tí a tìtorí rẹ̀ dè é.

Kí ni àwòdì tiẹ̀ ń wá nílẹ̀ wa? Ẹ̀rùn ló máa ń bá dé. Bí a bá ti finá bọ igbó, ẹ ó rí i tó ń pòòyì lókè èéfín. Ṣé adìyẹ ló wá síbẹ̀ ni? Rárá o. Eku àti tata tó ń sá fún iná ló ń kó jẹ. Eku tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa, tata tó ń jẹ ewé àgbàdo wa. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń rọ̀, púpọ̀ nínú wọn á gbéra, wọ́n á kọrí síhà àríwá.

Àwòdì tiwa nìkan kọ́ ló ń rìnrìn àjò lákòókò yìí. Àwọn ẹyẹ apẹran míì wà tó sá fún òtútù Yúróòpù wá sí Áfíríkà. Ọ̀kan ni èyí tí òyìnbó ń pè ní honey buzzard, tó máa ń tú ilé agbọ́n kó lè jẹ ọmọ inú rẹ̀. Inú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, ni púpọ̀ nínú wọn ti ń lo ìgbà òtútù. Tó bá di oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún, wọ́n ń padà lọ sílé.

Àwọn bàbá wa ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn gbígbóná á máa ròkè, ẹyẹ á na apá, á máa pòòyì gòkè láìju apá. Ṣùgbọ́n irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí lójú òkun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ibi tí omi ti tín-ín-rín: bíi Gibraltar, láàárín Mòrókò àti Sípéènì, tí ibi tó há jù níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 14, tàbí Messina ní Ítálì. Ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń dúró sí lọ́dọọdún, tàwọn ti ìwé àti bírò, tí wọ́n á máa kà wọ́n.

Ẹ má rò pé látilẹ̀ ni òyìnbó ti fẹ́ràn wọn o. Ìbọn ni wọ́n fi ń pàdé wọn ní Messina. Àwọn ọkùnrin agbègbè yẹn gbà pé ẹni tí kò bá yìnbọn pa honey buzzard kan nígbà ìrúwé, ìyàwó rẹ̀ á yan àlè lé e lórí. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Anna Giordano, ló dìde sí i. Òun àtàwọn tó dara pọ̀ mọ́ ọn ń ka ẹyẹ, wọ́n tún ń ka ìró ìbọn. Wọ́n dáná sun mọ́tò rẹ̀, kò yéé kà. Ní 1998, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Goldman. Ìbọn tó ń dún níbẹ̀ ti dín kù gan-an.

Ẹnì kan á ní, “Èwo ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀?” Ẹ gbọ́ èyí. Àṣá kan wà tí wọ́n ń pè ní Swainson's hawk. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ní California rí i pé àwọn kan ò padà wálé nígbà ìrúwé mọ́. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àwọn kan lẹ́yìn, ẹ̀rọ yẹn sì mú wọn dé oko ní Argentina. Ní 1995 àti 1996, òkú àṣá tí wọ́n rí níbẹ̀ ju 5,000 lọ. Oògùn monocrotophos làwọn àgbẹ̀ ń fín sí tata. Àṣá tó wá jẹ tata yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ ló kú. Àgbẹ̀ fowó ra oògùn, ó fi pa òṣìṣẹ́ tí kì í gbowó! Ìjọba wọn padà fòfin de oògùn náà. Ká ní kò sẹ́ni tó ń kà, ta ni ì bá mọ̀?

Àwa ńkọ́? Igún dà? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń bà sórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Àwọn ọmọ mi ò rí i rí. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọdún tí wọ́n lọ, torí a ò kà wọ́n.

Torí náà, ohun méjì ni mo ń bẹ̀ yín sí. Èkíní, ẹ de òròmọdìyẹ mọ́ inú àgò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi àwọ̀n bo ọgbà wọn lórí. Àwòdì ò lè gbé ohun tí kò lè fọwọ́ kàn. Èkejì, láti oṣù Kejì títí dé òpin oṣù Karùn-ún, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ dúró síbi tó gbàyè bí ilẹ̀ bá ti ń gbóná, bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ fi igi kan ṣe ààlà. Àwòdì tó bá kọjá ààlà yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ kà, kẹ́ ẹ má baà ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ ọjọ́, iye wọn, àti ibi tí wọ́n dorí kọ. Wákàtí kan péré ni.

Àgbẹ̀ tó mọ iye ebè rẹ̀ ni kò mọ iye ẹyẹ tó ń bá a ṣọ́ ebè. Kò yẹ wá. Ẹ ká májèlé yẹn kúrò nílẹ̀, ẹ mú bírò.

Àrokòbọ́dúndé o.